Ọwọ́ Tí Ń Tọ́jú Ọkàn Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin alágbàtọ́ ní Pleasure àti ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ kì í fi falẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 15 bá ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, tí kò jẹun dáadáa, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí ìwé àti eré kò sì wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ a máa pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláfojúdi. Ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú.

Irú ìtọ́jú wo ni?

Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CBT. Dókítà Aaron Beck ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lè máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "N kò wúlò fún ohunkóhun." Ìrònú yìí a mú ìbànújẹ́ wá, ìbànújẹ́ a mú un sá fún ilé ẹ̀kọ́, sísá náà a sì tún mú ìfìdírẹmi wá. Olùtọ́jú ni yóò kọ́ ọmọ bí a ti ń já okùn yìí.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ lo ìtọ́jú yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni wọ́n. Àwọn 20 gba ìtọ́jú ní ìjókòó 5, àwọn 20 yòókù sì ń dúró de tiwọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn tí ó gba ìtọ́jú dínkù ju ti àwọn tí ń dúró lọ.

Ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fún ọmọ ní oògùn oníhóró, oògùn kan náà ni. Nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́ apá kan oògùn náà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 36 pọ̀. Wọ́n rí i pé títẹ̀lé ìwé ìlànà nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ mú ara aláìsàn yá. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, ìmọ̀ọ́ṣe olùtọ́jú hàn nínú àbájáde ju ti àwọn àìsàn mìíràn lọ.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́?

1. A máa gbọ́ ti ọmọ kí ó tó sọ tirẹ̀; kì í wàásù, kì í báni wí.
2. Òun àti ọmọ a máa fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò ṣe ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan.
3. Kì í kàn sọ pé, "Má ronú bẹ́ẹ̀ mọ́." A máa béèrè pé, "Kí ni o rí tí ó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí ó fi òmíràn hàn?"
4. A máa fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìjókòó tí ó tẹ̀lé e.
5. A máa díwọ̀n bí ara ṣe ń yá. Bí kò bá yá, yóò yí ọ̀nà padà tàbí kí ó fi ọmọ ránṣẹ́ sí dókítà.

Ipa tiyín

Ẹ béèrè ibi tí olùtọ́jú ti kọ́ṣẹ́. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ẹ má ṣe fi ipá mú ọmọ sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá a sọ. Ẹ má sì dá ìtọ́jú dúró nítorí pé ọmọ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkàn ọmọ kò bá fà mọ́ olùtọ́jú lẹ́yìn ìjókòó mélòó kan, ẹ sọ fún un. Ẹ lè béèrè ẹlòmíràn.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndó. Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Yábàá sì ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má ṣe pè é ní eré, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn gbogbo kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.