Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Àgbẹ̀ tí Omíyalé Dé Bá ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa títí dé Òde-Ìrèlè, òjò kì í ṣe àlejò. Ohun tí ń dẹ́rù ba àgbẹ̀ ni pé kí omi kún oko, kí ó má sì tètè fà. Ọ̀pẹ lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Gbágùúdá kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí omi bá bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, yóò rà sínú ilẹ̀, ẹni tí ó ti ń fojú sọ́nà láti fi í ṣe púpurú yóò sì pàdánù oúnjẹ àti ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò ìrẹsì kan kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀dá tí ó dá ní òkè Ọya láàrin 1972 sí 1974, ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1976 fún ìrànwọ́ pàjáwìrì. Ní 1999 ni NEMA gba iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ a fi ọ̀ràn tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, ìyẹn a gbé e lọ sí Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ a sì kọ̀wé sí Àbújá. Ohun tí ó sábà máa ń ti ọ̀nà jíjìn yìí padà wá ni ìrẹsì, tìmùtìmù, páànù àti sìmẹ́ǹtì. Ìrànwọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe owó oko.

Ní 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ní oṣù October ọdún náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde bílíọ̀nù 17.6 náírà. A pín àwọn ìpínlẹ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: mílíọ̀nù 500, 400, 300 àti 250. Ìpínlẹ̀ ni a fún lówó, kì í ṣe àgbẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti le jù ni orúkọ tí yóò wọ inú ìwé. Ó ti pẹ́ tí àwọn Urhobo ti ń wá kọ ẹyìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite kọ àpilẹ̀kọ nípa wọn ní 1979. Bí aṣojú ìjọba bá béèrè pé, “Oko ta ni èyí?”, ìdáhùn méjì ni ó tọ̀nà. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n alágbàro tàbí ayálẹ̀ ni òógùn rẹ̀ bá omi lọ. Obìnrin tí ó ti san owó gbágùúdá sílẹ̀ kí a tó wú u ńkọ́? Òfò ni tirẹ̀, oko kì í ṣe tirẹ̀.

Ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní December 1987, yàtọ̀ sí èyí, nítorí àdéhùn ni. Ìjọba a máa san ìdajì owó náà: ìjọba àpapọ̀ 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ 12.5. Ṣùgbọ́n àgbàdo, ìrẹsì, màlúù àti adìyẹ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Gbágùúdá kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni a fi àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn kún un. A sì gbọ́dọ̀ ti wọ inú rẹ̀ kí omi tó dé. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ wú èyí tí kò tíì rà ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí olùwòye rí oko náà, nítorí gbágùúdá tí a ti wú kò lè jẹ́rìí.