Kí Ariwo Má Gbé Ohùn Àgbà Mì



Kí Bàbá wa tó papò dà, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbí, ní Eleko. Wọ́n ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe omi ẹ̀rọ̀ kan. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, fáànù ń yí lókè orí. Orí tábìlì tó jìnnà ni mo gbé fóònù sí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi pè láti Houston: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ewé yẹn, ṣé Bàbá àgbà ní ká fà á ni, àbí ká ṣà á?” Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N ò mọ̀. Ẹni tí à bá bi sì ti lọ.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa kì í tètè sọnù nínú ariwo. Àwọn f, s àti ṣ ni fáànù àti atẹ́gùn máa ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ti Sàlákọ̀, olóòṣà ní Ọ̀yọ́. Ní 1951, William Bascom láti Amẹ́ríkà gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún lẹ́nu wọn sórí téèpù. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Sixteen Cowries, jáde ní 1980, Yorùbá tí wọ́n kì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Téèpù ayé ìgbà yẹn mà ni o!

Ẹ ra máìkì kékeré oníwáyà tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ. Ẹ yẹ ojú ihò fóònù yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹnu wáyà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ há a mọ́ àyà àgbà náà, kó jìnnà sí àgbọ̀n wọn tó ìwọ̀n ọwọ́ tí a ta. Kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn má kàn án o! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mí ni yóò máa ró kàkà. Ẹ fi èékánná ha orí máìkì nígbà tó ń gbohùn. Tí kò bá ró gan-an nígbà tẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ, fóònù ṣì ń fi máìkì ti inú ara rẹ̀ gbọ́rọ̀.

Pálọ̀ onítáìlì kò dáa, ohùn máa ń ta padà lára ògiri. Yàrá tó ní mátírẹ́ẹ̀sì, aṣọ àti kọ́tìnì ló dáa jù. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Òórùn á mú yín, ẹ fara dà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Ohùn tí a tẹ bọ́tìnì sọ síbẹ̀ máa ń fún pọ̀. Tó bá jẹ́ ìpè lásán, ẹ lo íápíìsì, ẹ má ṣí ohùn síta, kí ohùn ẹni tó pè má baà máa padà sí i létí.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ inú igbódù kì í ṣe ti fóònù. Oríkì ilé, orin, ìtàn àti ewé ìwòsàn tí wọ́n bá yọ̀ǹda ni ká gbà. Ìyá wa tó kù nílé ti yọ̀ǹda tiwọn: òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ewé yẹn ni màá kọ́kọ́ bi wọ́n.