Kérésìmesì Ojú Ogun àti Àwọn Tí Sinimá Gbàgbé

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí àwọn ọmọ Àwà, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń dé tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù, tí àwọn ará etí omi Ogun Waterside náà ń gba àlejò tiwọn, tẹlifíṣọ̀n kì í sinmi nínú ilé. Nínú àwọn sinimá ìgbà ọdún náà, èyí tí ó bá pa ogun àti Kérésìmesì pọ̀ kì í pẹ́ pa àgbàlagbà lẹ́kún.

Gbajúmọ̀ nínú irú wọn ni Joyeux Noël, tí Christian Carion, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní ọdún 2005. Ó sọ bí àwọn ọmọ ogun Jámánì, Faransé àti Skọ́tílándì ṣe jáde kúrò nínú yàrà wọn ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì sin òkú wọn. (Ẹni tí ó bá ti dé Ẹrẹ̀dò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, rí kò ní béèrè ohun tí yàrà jẹ́ fún jagunjagun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn baba wa jìn ju ti àwọn òyìnbó wọ̀nyí lọ fíìfíì.) Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í ṣe àlọ́: àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Daily Mirror ti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1915. Ṣùgbọ́n láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni ó ti pọ̀ jù, ní ìhà Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn Faransé tí ó dá sí i kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí orí ilẹ̀ tiwọn ni ọ̀tá jókòó lé.

A kò gbọdọ̀ bá onísinimá jà lórí gbogbo nǹkan. Nikolaus Sprink, olórin tí ohùn rẹ̀ pa ìbọn lẹ́nu mọ́ nínú sinimá yìí, kì í ṣe ẹni tí a bí rí. Ṣùgbọ́n Walter Kirchhoff, olórin ńlá láti Berlin, kọrin fún àwọn ọmọ ogun Jámánì lójú ogun lọ́dún náà lóòótọ́, ara rẹ̀ ni a sì ti gé Sprink. Obìnrin olórin tí ó bá olólùfẹ́ rẹ̀ wọ yàrà ni àsọdùn dé bá. Èyí pàápàá, ẹ jẹ́ kí a fi jì í. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ìgbà tí à ń wí yìí, àwọn ọmọ ogun Garhwal láti Íńdíà wà nínú yàrà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó jáde lọ pàdé àwọn Jámánì ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ẹ wo sinimá náà dópin, ẹ kò ní rí ojú wọn. Ogun kan náà ti dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín: ìlú Duala ní Kamẹrúùnù ti túúbá ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1914, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe Kérésìmesì ọdún náà lójú ogun Kamẹrúùnù, pẹ̀lú àwọn aláàárù tí ń fi orí ru ọta àti oúnjẹ tẹ̀lé wọn. Bọ́tìnnì aṣọ ológun ni àwọn alárìíwísí òkè òkun ń kà nínú sinimá. Èmi ń ka ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bí onísinimá wa kan bá fẹ́ ṣe ti wa, ìtàn ti wà nílẹ̀ fún un, láti inú Ogun Àgbáyé Kejì. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ó gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó o lọ sí Bọ́mà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú ń ju ẹrù sílẹ̀ fún, tí wọ́n sì ń fi orí rù ú la òkè àti igbó kọjá. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ba dè wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, sì ṣẹ́kù sínú igbó. Shuyiman, ará abúlé kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀ níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ikú ni fún òun àti ìdílé rẹ̀ bí Jàpáánì bá gbọ́. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn Gurkha tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó dé, tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀.

Mo rí ìdánwò tí yóò dé bá onísinimá níbẹ̀: yóò fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa kọ orin Kérésìmesì nínú ahéré, kí omijé lè bọ́ lójú wa. Òtítọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ńṣe ni àwọn Kristẹni méjì wọ̀nyí fi ara wọn hàn bí Mùsùlùmí láàárín àwọn tí ó gbà wọ́n, kí ẹ̀mí wọn lè gùn. Ní ọdún 2011, oníròyìn Barnaby Phillips fi ìtàn náà ṣe sinimá ìtàn gidi Burma Boy fún Al Jazeera, ó sì gbé lẹ́tà ọpẹ́ Baba Fadoyebo dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman ní Bọ́mà; ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Baba papò dà. Bí ẹnikẹ́ni bá sún ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wọn sí ọjọ́ 25 gan-an kí ó lè bá ọdún mu, n kò ní bá a fà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọ̀gágun òyìnbó sí ipò Shuyiman, èmi yóò ti dìde kí iná tó tàn.