Nígbà Tí Ímeèlì Bá Ń Wọlé Ségesège

Fóònù tó bàjẹ́ pátápátá kì í da ẹni láàmú tó èyí tó ń ṣe lónìí tí kò ṣe lọ́la. Tí ímeèlì ò bá wọlé rárá, ẹni tó ni fóònù á tètè mọ̀, á sì wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ tó bá wọlé láàárọ̀, tí kò wọlé lọ́sàn-án, tí gbogbo rẹ̀ wá rọ́ wọlé pọ̀ lálẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe ń rí ìwé ìpè sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò aago mẹ́wàá nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń bú sì lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Orí sáfà ni ímeèlì ń gbé, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á pamọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni fóònù ń fi hàn. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dà yẹn sì ń gbà dé: yálà kí fóònù máa lọ yẹ sáfà wò lóòrèkóòrè, tàbí kí sáfà ta fóònù lólobó ní kété tí ímeèlì bá ti balẹ̀. Ọ̀nà kejì yá ju tàkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gba pé kí ìsopọ̀ kan wà ní ṣíṣí láàárín àwọn méjèèjì. Ní 1997 ni wọ́n fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ IDLE kún IMAP, ìlànà tí áàpù fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn tó bá àṣẹ náà wá ni pé kí áàpù máa tún un pa kó tó pé ìṣẹ́jú 30, nítorí sáfà lè já ẹni tó bá dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà láàárín wọn lè má ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni méjì bá wà lórí ìpè tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn, ẹni tó so wọ́n pọ̀ á rò pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀, á sì gé e. Fóònù ò ní mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Á ṣì máa retí ìròyìn, títí di ìgbà tó bá tún pe sáfà.

Síbẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ní 2015, Google fi ètò kan tó ń jẹ́ Doze sínú Android 6.0. Tí fóònù bá wà lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀, tójú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kò sí lórí iná, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbé e, Doze á gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn áàpù. Á máa ṣílẹ̀kùn fún wọn fìrí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; bí fóònù bá sì ṣe ń pẹ́ sí i nílẹ̀ ni àlàfo á máa gùn sí i. Ìròyìn tó bá gba ọ̀nà Google fúnra rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì kọ kánjúkánjú sí i lára, lè jí i. Gmail ń gba ọ̀nà yìí. Áàpù tó gbẹ́kẹ̀ lé IDLE nìkan ò lè gbà á. Àwọn tó ń ṣe fóònù náà tún máa ń fi ètò tiwọn lé e: Phone Master tó máa ń bá Tecno àti Infinix wá ní bọ́tìnnì tó ń ti àwọn áàpù tí kò sí lójú iṣẹ́ pa. Níbi tí iná mànàmáná ti ṣọ̀wọ́n, tí ètò ìdábòòbò bátìrì kì í kúrò ní títàn, ọ̀rọ̀ náà á tún le sí i.

Ti iPhone yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Àkáǹtì Gmail tí wọ́n fi sínú áàpù Mail kì í gba olobó; ṣe ni fóònù ń lọ yẹ sáfà wò, lábẹ́ ètò tó ń jẹ́ Fetch. Ẹni tó bá yan Automatically níbẹ̀ á rò pé ìgbà gbogbo ni ímeèlì á máa wọlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí fóònù bá wà lórí iná, tó sì wà lórí Wi-Fi, nìkan ló ń wá ímeèlì lábẹ́nú. Ẹni tó ń gba iná sí fóònù lálẹ́ nìkan á wá rí i pé òru ni ímeèlì ọ̀sán ń dé. Kó yan ìṣẹ́jú 15 dípò Automatically, kó sì rántí pé Low Power Mode ń dá iṣẹ́ yìí dúró.

Nítorí náà, kéèyàn tó fọwọ́ kan Settings, kó kọ́kọ́ ṣọ́ ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀. Tí gbogbo ímeèlì bá rọ́ wọlé nígbà tó gbé fóònù, oorun ni fóònù ń sùn: lórí Android, kó lọ sí Apps, kó mú áàpù ímeèlì náà, kó wọ Battery, kó sì yan Unrestricted. Tó bá ń wọlé lórí Wi-Fi ṣùgbọ́n tí kò wọlé lórí dátà, kó wo Data Saver. Tí fóònù bá kú tán pátápátá tó wá jí pẹ̀lú ọjọ́ tí kì í ṣe tòní, áàpù ò ní gba ìwé ẹ̀rí sáfà gbọ́, títí wọ́n á fi tún ọjọ́ náà ṣe.

Àkáǹtì kan ṣoṣo ńkọ́, tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́? Àyè 15 GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń lò ó. Fọ́tò òwàmbẹ̀ lè kún un dẹ́nu, ímeèlì á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Tí wọ́n bá pa fọ́tò díẹ̀ rẹ́, ó tún ṣí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kún. Nínú ọ́fíìsì tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń lo àkáǹtì kan, Gmail ò gbà ju ìsopọ̀ IMAP 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, áàpù kan ṣoṣo sì lè ṣí bíi mélòó kan. Àárín iṣẹ́ ló máa ń dí, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, á là.

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n yọ àkáǹtì náà kúrò, kí wọ́n tún un fi sí i. Ó máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́, nítorí àkáǹtì tuntun á kó gbogbo ímeèlì wá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Doze ṣì wà níbẹ̀, ó di ọ̀la. Ewu rẹ̀ tún wà: àkáǹtì tó bá wà lórí POP3, ìlànà míì tí wọ́n ń lò dípò IMAP, lè ti pa ímeèlì rẹ́ lórí sáfà lẹ́yìn tó kó o wá. Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù yẹn nìkan ló kù, yíyọ àkáǹtì náà ló sì máa pa á rẹ́.