Kí A Tó Pààrọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Nígbà kan, ẹni tí ó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì á gba kàféè lọ, á ra wákàtí kan, á sì padà sílé. Lónìí, inú ilé ni a ti ń lò ó: ọmọ ń fi í kẹ́kọ̀ọ́, ìyá ń fi í tajà, bàbá ń fi í bá àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun sọ̀rọ̀. Bí kò bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí jàre."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin wa ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB nígbà náà, yàrá ẹ̀yìn ni ó sì ti ń gba ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́. Gbogbo ìgbà ni àwòrán olùkọ́ ń dúró gbagidi, tí ohùn rẹ̀ ń já. Inú bí mi. Mo lọ sanwó fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, mo ra ráútà tuntun, mo sì gbé e sí ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ó wà ní pálọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwòrán olùkọ́ tún dúró gbagidi. Ọmọ náà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ojú tí ó fi wò mí ti tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni ó wá gbé ráútà náà kúrò lẹ́yìn irin, tí ó gbé e ka orí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín. Kò ná mi ní kọ́bọ̀ kan, ó sì parí síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn wà kí á tó ra oògùn. Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìkínní ni láti ilé-iṣẹ́ dé ara ráútà. Ìyẹn ni a ń san owó fún. Ìkejì ni láti ara ráútà dé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ wa, èyí tí à ń pè ní Wi-Fi. Ìyẹn wà ní ìkáwọ́ àwa fúnra wa. Oríṣi Wi-Fi méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà ń gbé jáde, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ti 5 yára jù, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń tètè dí i lọ́nà. Ti 2.4 kò yára tó o, àmọ́ ó máa ń dé ibi tí ó jìnnà jù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ó gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ráútà, kí ó fi wáyà so méjèèjì pọ̀ bí ó bá ní wáyà, kí ó sì yẹ bí ó ṣe ń yára tó wò láàárọ̀, kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí rẹ̀. Bí ó bá yára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tí ó sì ń wọ́ nínú yàrá, ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi. Bí ó bá ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà pàápàá, lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ tó dé.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ju ilé-iṣẹ́ kan lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun Côte d'Ivoire, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìbínú pààrọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó ń lo okùn kan náà.

Bí a bá wá rí i pé ó yẹ kí á pààrọ̀ lóòótọ́, kí á má tíì béèrè iye owó. Kí á béèrè ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gbà wọlé. Àwọn kan ń lo ráútà tí à ń ki síìmù bọ̀, tí ó ń gbà á láti ara máàsìtì fóònù. Ó ṣeé gbé kiri, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó jọ ń pín in. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń gbé rédíò kékeré sórí òrùlé oníbàárà, kí ó dojú kọ máàsìtì tiwọn. Fáíbà jẹ́ okùn dígí tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun ni ó sì dára jù lójú tèmi, bí ó bá ti dé àdúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀" tí àwọn tí ń tà á máa ń wí. Aládùúgbò tí ó ti ń lò ó ni kí ẹ bi. Níbi tí fáíbà kò dé, sátẹ́láìtì wà. Starlink, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń lo sátẹ́láìtì tí ó ga tó nǹkan bí 550 kìlómítà sókè. Àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run gbangba, nítorí náà igi máńgòrò tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀tá rẹ̀. Ó sì ń jẹ iná ju ráútà kékeré lọ. Kí ẹni tí ó ń lo ìnfátà rò ó mọ́ ìnáwó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìṣirò tiyín nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ 20 Mbps sára ìwé, bit ni wọ́n ń kà, kì í ṣe byte. Bit 8 ni ó ń di byte 1. Ẹ pín 20 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí 2.5: megabyte 2.5 ni yóò wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi tó megabyte 100 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Bàbá tí kò mọ èyí á máa rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Níbi tí a ti lè rẹ́ ni jẹ ni ọ̀rọ̀ "àìlópin" tí wọ́n ń kọ gàdàgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ní òpin: bí a bá ti lo iye dátà kan, wọn á dín eré rẹ̀ kù títí oṣù yóò fi parí. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó pé, "Lẹ́yìn GB mélòó ni?"

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ìlú Ọba ní ìrọ̀rùn kan tí àwa kò ní. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tuntun nìkan ni oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òun ni yóò bá ti àtijọ́ parí ọ̀rọ̀. Níhìn-ín, a lè gbé nọ́ńbà fóònù láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n ní ti íntánẹ́ẹ̀tì ilé, àwa fúnra wa ni a ó já ọ̀kan tí a ó sì so èkejì. Nítorí náà, ẹ má já ti àtijọ́ kí tuntun tó ṣiṣẹ́ nínú ilé yín fún bí ọjọ́ mélòó kan, pàápàá bí ọmọ bá ní ìdánwò. Àsanṣáájú ni ọ̀pọ̀ owó tí à ń san. Bí ọjọ́ bá pé, dátà tí ó ṣẹ́ kù á kú. Ẹ jẹ́ kí tuntun wọlé nígbà tí ti àtijọ́ bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó parí. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, dátà tí mo ti sanwó rẹ̀ sì ṣòfò.

Ẹ béèrè bóyá ráútà yín lè gba síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí àwọn kan ti ti tiwọn pa. Bí ẹ bá gbé ráútà tuntun wọlé, ẹ fún Wi-Fi rẹ̀ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ti àtijọ́ ní, gbogbo fóònù inú ilé á sì máa bá iṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé màmá àgbà ń pe ẹnikẹ́ni wá tẹ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fa owó láti báńkì yín lóṣooṣù, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì yẹ àkáǹtì wò lóṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí irinṣẹ́ wọn bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gba rísíìtì nígbà tí ẹ bá dá a padà. Bí wọ́n bá ṣì ń yọ owó, ẹ fi ẹjọ́ sùn wọ́n ná, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe 622, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti àjọ NCC tí ìjọba fi ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn sì wà lọ́wọ́ yín.