Òwú, Omi, àti Ọ̀rá Ilẹ̀

Àwọn àgbẹ̀ a máa wí pé òwú a máa jẹ ilẹ̀ run. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwú nìkan ni ó jẹ̀bi. Ewé òwú kì í tètè bo ilẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ó bá hù, ìhòòhò ni ilẹ̀ wà, òjò a sì máa lù ú. Ẹrẹ̀ pupa tí ẹ ń rí nínú odò ní ìgbà òjò, ọ̀rá oko yín ni. Nígbà tí ọ̀rá bá ti lọ, òwú kò ní agbára láti so òmíràn dípò èyí tí kòkòrò jẹ, nígbà náà ni olóko yóò sì sáré lọ ra oògùn olóró.

Nítorí náà, omi ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ kọ ebè gígùn kí ó dábùú ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dojú kọ ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀nà ni ẹ là fún àgbàrá. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọkọ́ wọ́ erùpẹ̀ dí poro ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Òjò tí ì bá sáré lọ yóò dúró, yóò sì rọra wọ inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tí omi ń dúró sí, ẹ má ṣe dí poro rárá: òwú tí omi bò ní ìdí a máa gbọn ìtànná àti ọmọ èso rẹ̀ dànù, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ọ̀dá mú ti ń ṣe.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, oṣù July ni ó dára láti gbìn ín, kí ó lè là nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Òjò tí ó bá òwú tí ó ti là a máa ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kóró òwú a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn nítorí irun ara wọn. Ẹ fi omi àti eérú rà wọ́n, wọn yóò sì ya ara wọn. Kóró márùn-ún tó sí ihò kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, kí a fa ìyókù tu, kí méjì péré kù. Mo mọ̀ pé èyí a máa dun àgbẹ̀.

Òfin Mósè fún ilẹ̀ ní ìsinmi ní ọdún keje. Ilẹ̀ àwọn baba wa a máa sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ilẹ̀ kò tó mọ́. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 1920 sí 1930, a dán mucuna wò, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára: a gbìn ín, a sì ro ó mọ́ ilẹ̀ ní tútù, kí ó lè di ọ̀rá. Ó ṣe ilẹ̀ ní rere, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ ẹ, nítorí kò ní ohun jíjẹ. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń bọ́ ilé. Bí a bá gbin òwú ní ọdún yìí, kí a gbin ẹ̀pà ní èyí tí ń bọ̀, lẹ́yìn náà àgbàdo. Kí ilá má ṣe tẹ̀lé òwú, nítorí ìbátan ni wọ́n, kòkòrò kan náà sì ń jẹ wọ́n. Nígbà tí a bá ká òwú tán, kí a fa gbogbo igi rẹ̀ tu, kí a sì sun wọ́n kí òjò tó dé, kí kòkòrò má baà rí ibi gbé.

Níti oògùn olóró, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí oògùn àtijọ́ kò ran kòkòrò tí ń lu èso òwú mọ́, a mú èyí tí à ń pè ní endosulfan wá ní 1999. Ní àkókò òwú ti 1999 sí 2000, ènìyàn púpọ̀ ni ó ti ipa rẹ̀ kú. Kì í ṣe àwọn tí ń fọ́n ọn nìkan. Àwọn mìíràn jẹ oúnjẹ tí oògùn náà kàn. Ní 2011 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi í sí ara àwọn tí a ó fòpin sí.

Kóró dóńgóyárò sàn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di òwúrọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn a máa pa agbára rẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó lè jẹun dáradára. Bí ó bá di dandan láti lo oògùn ọjà, kí a má ṣe fi oògùn òwú sí ẹ̀wà tàbí àgbàdo tí a kó pamọ́, àní bí kòkòrò ń jẹ ẹ́ lójú wa. Ike tí oògùn náà ti tán nínú rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi náà padà sínú ohun tí ẹ fi ń fọ́n ọn, kí ẹ sì lu ìdí ike náà, kí ọmọdé má baà fi í pọn omi.