Ẹnà Inú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Yan Àgádágodo Fún Ìwé Àṣírí Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí dá lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìdílé kan ṣe lè ti fáìlì rẹ̀ mọ́ inú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí kò kàn má baà rí i kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn báńkì àti ti ìjọba nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ohun tí ó lè wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní Bulabulin, ní Maiduguri, níbi tí a ti dàgbà: nọ́ńbà NIN àti BVN, èsì ìdánwò WAEC, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tí bàbá ní kí ó bá òun tọ́jú, àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó ti ń kọ láti ọdún tó kọjá. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà, ó ti gbé orúkọ onítọ̀hún àti ti ìdílé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹnà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn baba ńlá wa a máa fi àrokò ránṣẹ́: owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ tàbí ohun mìíràn tí a so pọ̀. Ẹni tí ó gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó ń wí, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí yóò kà á bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Nínú oríṣi ẹnà kan, a ó fi "g" tẹ̀lé sílébù kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún fáwẹ̀lì rẹ̀ pè, tí "mo fẹ́ lọ" yóò fi di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kàn máa wò ni.

Iṣẹ́ kan náà ni sọ́fítíwià tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ṣe. Ó ń mú fáìlì wa, ó ń pò ó pọ̀ títí tí yóò fi di àdììtú tí kò ní ìtumọ̀ lójú ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni pásíwọ̀ọ̀dù tí àwa fúnra wa bá yàn, tàbí nọ́ńbà gígùn kan tí ẹ̀rọ ṣe fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹnà ní àléébù kan. Bí ẹnìkan bá ti mọ̀ pé "g" ni a ń fi sí i, gbogbo ohun tí a ti sọ sẹ́yìn àti èyí tí a ó sọ lọ́la ti tú sí i lọ́wọ́. Àwa ará Bulabulin mọ èyí dáadáa. Yorùbá tí à ń sọ láàárín ara wa lọ́jà dà bí ẹnà lójú wa, títí di ọjọ́ tí oníṣòwò Kanuri tí ó ti gbé Ìbàdàn rí bá dá wa lóhùn pé, "Ẹ fi owó kún un!" Ní ọdún 1883, ọ̀gbẹ́ni Auguste Kerckhoffs kọ ọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹnà àwọn ológun pé ọ̀nà tí a ń gbà di ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò léwu bí ó tilẹ̀ bọ́ sí ọ̀tá lọ́wọ́, kí ó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí. Bẹ́ẹ̀ ni àgádágodo tí wọ́n ń tà ní Monday Market rí. Olè pẹ̀lú lè ra irú rẹ̀ kan kí ó tú u wò. Èyí kò ní kí ó lè ṣí tiwa.

Kọ́kọ́rọ́ náà sì gbọ́dọ̀ nípọn. Ní ọdún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìlànà kan tí à ń pè ní DES. Gígùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 56, ìyẹn ni pé iye kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe lé ní bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 72. Ó pọ̀ lójú, àbí? Síbẹ̀, ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation kan ẹ̀rọ kan tí ó wá kọ́kọ́rọ́ náà rí láàárín wákàtí 56, kò tilẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọdún 2001 ni wọ́n fi AES rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen. Kọ́kọ́rọ́ AES lè gùn tó bíìtì 256, bíìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá sì fi kún un ń sọ iṣẹ́ ẹni tí ó ń wá a di ìlọ́po méjì. AES yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn sọ́fítíwià tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀.

Ta ni a ń tìlẹ̀kùn mọ́?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó yan àgádágodo, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń tìlẹ̀kùn mọ́. Ẹni kìíní ni olè. Ẹni kejì ni ẹni tí a fúnra wa gbé ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn agbébọn ba ọ̀nà iná mànàmáná tí ó wọ Maiduguri jẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìlú wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà a máa gbé fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi owó gba iná sí i, ẹ̀rọ yóò sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn olówó rẹ̀. Bákan náà ni ó rí bí a bá gbé e fún ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé pásíwọ̀ọ̀dù tí Windows ń béèrè nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ ti tó. Pásíwọ̀ọ̀dù yẹn dà bí ọlọ́dẹ tí ó jókòó sí ẹnu géètì nígbà tí ògiri ẹ̀yìn ilé ti wó. Bí ẹnìkan bá tú ìdí kọ̀ǹpútà, tí ó yọ háàdì dísìkì rẹ̀, tí ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò rí gbogbo fáìlì inú rẹ̀ kà, àyàfi bí dísìkì náà bá ti di àdììtú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ohun kan wà tí àgádágodo yìí kò lè ṣe o. Nígbà tí a bá ti ṣí fáìlì tí a ń lò ó lọ́wọ́, fáírọ́ọ̀sì tí ó bá wà nínú ẹ̀rọ lè rí i gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń rí i. Nítorí náà, kí a pa ẹ̀rọ pátápátá kí a tó gbé e fún ẹlòmíràn. Kí a kàn pa ojú rẹ̀ dé kò tó.

Èwo ni kí a yàn?

Èkíní ni èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá. Windows ti ní BitLocker láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dà Pro àti àwọn tí ó ga jù ú lọ ni ó wà lódindi. Ẹ̀dà Home ní àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Device encryption, bí ẹ̀rọ náà bá gbà á. FileVault ni ti Mac, LUKS sì ni ti Linux. Àǹfààní wọn ni pé wọ́n ń ti gbogbo dísìkì pa, a kò sì ní ṣe wàhálà kankan lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: BitLocker ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà kan tí ó jẹ́ nọ́ńbà 48, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe ségesège, òun ni yóò béèrè. Ó lè jẹ́ pé inú àkáǹtì Microsoft ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù gbọ́dọ̀ rí i dájú pé inú àkáǹtì tirẹ̀ ni ó wà, kí ó má jẹ́ inú ti ẹni tí ó tà á fún un.

Èkejì ni VeraCrypt. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ó lè ṣe àpótí kan fún wa, tí yóò dà bí fáìlì kan ṣoṣo lójú, tí a ó kó gbogbo ìwé wa sínú rẹ̀, tí a sì lè gbé lọ lórí fúláàṣì. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ lo kọ̀ǹpútà kan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ àpótí náà bá bàjẹ́, bóyá nítorí iná tí ó lọ lójijì tàbí dísìkì tí ó ti gbó, pásíwọ̀ọ̀dù tòótọ́ pàápàá lè má ṣí i mọ́. VeraCrypt ní ọ̀nà tí a fi lè ṣe ẹ̀dà ibi ìbẹ̀rẹ̀ yìí sí ibòmíràn. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láìṣe.

Ẹ̀kẹta ni 7-Zip, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó dára bí a bá fẹ́ fi ìwé méjì mẹ́ta ránṣẹ́ sí ènìyàn. A ó fi pásíwọ̀ọ̀dù dì wọ́n, a ó sì pe ẹni náà lórí fóònù láti sọ pásíwọ̀ọ̀dù fún un. Ṣùgbọ́n fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wa ní gbangba. Bí a bá tilẹ̀ pa á rẹ́, onímọ̀ lè hú u jáde.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí ó jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, tí ó sì ṣì ní olùtọ́jú. Ìtàn TrueCrypt kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ó jáde ní ọdún 2004, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé sì fọkàn tán an. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn tí ó ṣe é, tí wọ́n fi orúkọ ara wọn pamọ́, kéde lójijì pé àwọn ti ṣíwọ́. Àyẹ̀wò tí ó parí ní ọdún 2015 kò rí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kankan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Síbẹ̀, ilé tí onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ jò. Lára TrueCrypt yìí ni wọ́n ti fa VeraCrypt yọ ní ọdún 2013, wọ́n sì yẹ òun náà wò ní ọdún 2016, wọ́n sì tún púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí wọ́n rí níbẹ̀ ṣe.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó sọnù

Àgádágodo tí ó dára kò mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí olè. Bí a bá gbàgbé pásíwọ̀ọ̀dù VeraCrypt, kò sí ẹni tí a ó kọ̀wé sí tí yóò bá wa ṣí i. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ sọ́fítíwià lọ.

Nọ́ńbà mẹ́rin kò tó, nítorí 10,000 péré ni gbogbo rẹ̀. Kí a yan ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan, kí a tò wọ́n pọ̀. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Kanuri ní àǹfààní láti dà wọ́n pọ̀. Òwe kò dára fún un, oríkì ìdílé pẹ̀lú kò dára, nítorí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe àṣírí. Kí a má sì fi àmì ohùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo kíbọ́ọ̀dù ni yóò gbà á. Lẹ́yìn náà, kí a kọ ọ́ sórí ìwé, kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó jìnnà sí kọ̀ǹpútà, bí àpótí aṣọ ìyá wa.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò nílé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Kò sí àgádágodo tí ó lè gba ìwé lọ́wọ́ omi. Ẹ̀dà tí ó wà níbòmíràn nìkan ló lè gbà á.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni ìbẹ̀rù pé wọn yóò kà á. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti di àdììtú, ìbẹ̀rù yẹn tán. A lè fi fúláàṣì kan rán ẹni tí ó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí a fi òmíràn sọ́dọ̀ àǹtí wa ní Ìlọrin, kí a sì fi ẹ̀kẹta sórí Google Drive. Bí àrokò ni: ẹni tí ó gbé e dání kò ní mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a sáà má fi kọ́kọ́rọ́ àti àpótí sọ́wọ́ ẹnìkan náà.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó bá ń fi nǹkan pamọ́, iṣẹ́ ibi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ìwé tí ó ń kọ sí ènìyàn. Gbogbo wa ni à ń tìlẹ̀kùn ilé wa lálẹ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wo kọ̀ǹpútà yín bóyá ó ti ní àgádágodo tirẹ̀. Ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ìwé tí ẹ kò lè ṣe aláìní, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó fọkàn tán wọn. Orí wa kò ní jẹ́ kí a pàdánù, a ó sì máa rí ìwé wa nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ire o.